Bánjókòó Adẹrù-Kan-Wọ̀lú-Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ògiri fara tì, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè yìí lè gbé ènìyàn ṣubú. Bánjókòó Àjàdí ni mo ń kí. Ọmọ Ọdẹ́túndé, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé, ògbójú ọdẹ tó wọ igbó lọ́sàn-án gangan, tó pàdé ejò ràbàtà tó na gbọọrọ sójú ọ̀nà, tó dúró bí ọkùnrin, tó yìnbọn fún un títí ẹ̀tù fi tán nínú ìwo, tí gbogbo ìlú sì tú jáde lọ bá a gbé òkú ejò, kí wọ́n tó rí i pé okùn àwọn agégẹdú ni. Ọmọ Ọdẹ́túndé tó tú rédíò ọba palẹ̀ láàárín ààfin, tó tún un tò padà, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣẹ́kù kún abọ́, síbẹ̀ tí rédíò náà tún fọhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Haúsá nìkan ló ń sọ láti ọjọ́ náà títí tó fi dákẹ́. Ẹni bíni là á jọ. Inú irú ìdílé báyìí ni akọni ti ń jáde. A kì í he é lórí àkìtàn.

Àwọn jagunjagun àtijọ́ a máa gun ẹṣin. Àga oníke tí wọ́n fi wáyà di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni Bánjókòó ń gùn. Àwọn a máa ju ọ̀kọ̀. Ìka méjì péré ni òun fi ń lu bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà níta a rò pé òjò ti dé sórí páànù. Iyàrá iwájú ilé rẹ̀ nílùú Òkè-Ìdẹ̀ra ni pápá ogun, níbi tí Ìbídùn aya rẹ̀, ìyá Àdùkẹ́ ọmọ wọn, ti ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òun sì ń ṣẹ́gun ayé ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí àwọn méjèèjì jọ ń lo iná kan náà láti ara páńẹ́ẹ̀lì oòrùn orí òrùlé. Bí Ìbídùn bá gbé àyọ́ọ̀nù síná, ogun á sinmi.

Kí ni akọni yìí ṣe? Ó kọ iṣẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní láíbìrì, tí ẹlòmíràn lè mú so mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́-Ọjà ló sọ ọ́. Bí o bá sọ ọjọ́ tí ọjà ìlú kan ná kẹ́yìn fún un, á sọ ọjọ́ tí yóò tún ná fún ọ. Iṣẹ́ tí ìyá arúgbó ń fi ìka ọwọ́ kan ṣe nígbà tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni, ṣùgbọ́n Bánjókòó fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe é, ó sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tinú-tẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni lágbàáyé wò ó, kí ó mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì tún un ṣe bó bá wù ú. Ayé gbọ́, ayé dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí i, láti òkèèrè, tó ń béèrè bóyá ó lè fi orúkọ náà sílẹ̀ nítorí pé òun náà fẹ́ lò ó.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ìlú ni àǹfààní akọni. Ọjà Òkè-Ìdẹ̀ra ọjà ọrọọrún ni, láti ayébáyé. Nígbà tí àgbàrá gbé afárá odò Àwẹ̀rẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá, ọjà náà dákẹ́. Nígbà tí wọ́n sì tún afárá ṣe tán, ìlú ti pín sí méjì lórí kíkà. Àwọn ará Òkè-Ọjà mú ọjọ́ kan, àwọn ará Ìsàlẹ̀ mú ọjọ́ kejì rẹ̀, oníkálukú sì ń ná tirẹ̀. Oníṣu dé, kò bá oníbàárà. Oníbàárà dé, ó bá ewúrẹ́ lórí àtẹ. Àwọn tó ń gbé ẹrù ti ọ̀nà jíjìn wá fi ìjà sílẹ̀ fún oníjà, wọ́n yà sí ọjà Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́, ìlú tó múlé gbè wọ́n. Kábíyèsí pe ìhà méjèèjì jókòó. Wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ọjà ná kẹ́yìn kí afárá tó já. Ohun tó kù kò ju kí a kà á láti ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìka ta ni a ó fi kà á? Ìhà kan kò gba ìka ìhà kejì gbọ́.

Ibẹ̀ ni Bánjókòó ti nawọ́ sókè. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní àdúgbò, kò ní àna, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹran ọdún, kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ òun kà á. Kábíyèsí ronú, ó pàṣẹ pé kí ẹni mẹ́ta gbé kọ̀ǹpútà tiwọn wá sí ààfin: Ìyálọ́jà Àṣàkẹ́ fún Ìsàlẹ̀, Ládiméjì Onígbìndé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, fún Òkè-Ọjà, àti Ìyáàfin Ẹ̀bùnolú Fásanmí, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíráma, tí kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan. Bí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ọjọ́ kan náà, ọjọ́ náà ni ìlú yóò ná. Bí wọn kò bá sọ ọ́, kí oníkálukú máa ná tirẹ̀ títí ọjà yóò fi kú. Bánjókòó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó rìn wálé bí ẹni tí wọ́n fi jẹ Balógun.

Kò fura pé ìlú mẹ́ta ni wọ́n rán òun lọ ṣẹ́gun. Iṣẹ́ tó ń dáa lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ dà bí ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná: òórùn rẹ̀ gba àdúgbò, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé gbé rìnrìn àjò. A ní láti dì í, kó di ẹrù tí àlejò lè tú, kó sì bá ohun gbogbo nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀kan: Wíńdóòsì ló ń jọba nínú ti Ìyálọ́jà, Máàkì nínú ti Onígbìndé, Línúùsì nínú ti ilé ẹ̀kọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú òfin ibodè tirẹ̀. Ẹrù tí ibodè kan gbà, ibodè kejì lè dà á nù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti rí èyí, wọ́n fà sẹ́yìn. Bánjókòó rí i, ó béèrè omi tútù, ó mu ún, ó ní kí Ìbídùn yọ àyọ́ọ̀nù.

Wíńdóòsì ló kọ́kọ́ kọlù. Ó di ẹrù náà bí iṣẹ́ ọnà: ó fi àpò sínú àpò, ó rán ẹnu rẹ̀ pa, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń dán bí ẹyin, ó sì gbé e lọ sí ìsọ̀ Ìyálọ́jà lọ́sàn-án, lójú àwọn obìnrin díẹ̀ tó kù lọ́jà. Ìyálọ́jà tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò nínú kọ̀ǹpútà náà fò dìde, irú ẹ̀ṣọ́ tí Bánjókòó ti pa ẹnu tirẹ̀ mọ́ nílé tipẹ́tipẹ́ nítorí pé ó ń dí i lọ́wọ́. Ó gbá ẹrù lọ́rùn mú, ó sọ ọ́ sí àhámọ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ pupa sójú dígí. Ìyálọ́jà kà á, ó gbójú sókè.

“Bánjókòó ọmọ mi, ó ní olè ni.”

Ẹ rò ó wò. Ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé, olè; àrólé ìdílé tí kò jí nǹkan rí àyàfi àkókò àwọn ará ìlú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àṣìṣe ni, pé ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ ènìyàn wò. Ìyálọ́jà ní gbogbo olè tí òun ti mú rí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé, kò bá Ìbídùn sọ̀rọ̀ títí ebi fi pa á.

Ṣùgbọ́n orí akọni kì í sùn. Ó rò ó títí, ó yé e: ta ló ń fi àpò sínú àpò, tó ń rán ẹnu rẹ̀ pa, bí kò ṣe onífàyàwọ́? Ó tú gbogbo ẹwà náà palẹ̀, ó to ẹrù rẹ̀ sínú fódà gbangba bí ẹní pàtẹ ata, ó sì gbé e padà. Ẹ̀ṣọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó yà fún un. Báyìí ni ìlú Wíńdóòsì ṣe wó lulẹ̀ níwájú Bánjókòó, ìlú aláyè gbígbòòrò, ìlú tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé eku lọ. Ìyálọ́jà kí i kú iṣẹ́, ó sì rọra fa àpò owó rẹ̀ sún mọ́ra.

Láti ibẹ̀, ó kọjú sí Máàkì, ìlú àwọn gbajúmọ̀, tó wà nínú kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọmọ Onígbìndé fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Bí a bá dé ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kan jó, ẹsẹ̀ kan la ó fi jó. Bánjókòó tún ẹrù náà dì lọ́nà ti Máàkì, ó wọ agbádá, ó lọ. Onígbìndé gbà á sí pálọ̀. Ó tẹ ẹrù náà. Oníbodè Máàkì kò pariwo, kò mú ẹnikẹ́ni sí àhámọ́. Ó kàn fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ ọ́ sójú dígí pé òun kò dá ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Onígbìndé kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ìròyìn.

“Ó ní òun kò mọ̀ ọ́,” ó wí. “Ta ni ká sọ pé o jẹ́ gan-an?”

Mo ti rí i kí ẹ̀gún gún ènìyàn, mo ti rí i kí àkekèé ta ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó dun ọkùnrin tó ọ̀rọ̀ yẹn. Bánjókòó gbé ọwọ́ agbádá lé èjìká, ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ara rẹ̀ fún un, láti orí Ọdẹ́yalé àti ejò ràbàtà. Kí ó tó kan bàbá rẹ̀, ojú dígí ti ṣú. Kọ̀ǹpútà ti sùn.

Ohun tó kù kò ju ọ̀kan lọ: kí onílé fúnra rẹ̀ wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, kó jẹ́rìí àlejò, kó ní òun mọ̀ ọ́n, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Títẹ bọ́tìnnì kan ni. Bánjókòó sọ fún Onígbìndé. Onígbìndé mu tíì rẹ̀ tán. Ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ó béèrè bóyá kì í ṣe bàbá Bánjókòó ló ba rédíò ààfin jẹ́. Bánjókòó, ìjì tí ń wó ìrókò, jẹ́wọ́ pé òun ni, ó sì fi “ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n” kún un. Nígbà náà ni Onígbìndé tó na ìka. Ọ̀nà méjì la fi ń wọ ìlú: ká fọ́ ògiri, tàbí ká bẹ onílẹ̀kùn, èyí tó wù kó jẹ́, inú ìlú la ti ń bá ara wa.

Línúùsì ló kù, ó sì ti fi í ṣe ìkẹyìn nítorí pé ó fojú kéré rẹ̀. Ó máa ń fọ́nnu pé ìlú àwọn ọlọ́gbọ́n ni, ìlú ọ̀fẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi òun ní orúkọ bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wíńdóòsì ni òun fúnra rẹ̀ ń lò nílé. Ó di ẹrù, ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyáàfin Fásanmí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ fi ìlà ọ̀rọ̀ kan dáhùn, kò sì ṣe ohun mìíràn. Olùkọ́ náà ní ó jọ pé nǹkan kan wà tó ń wá tí kò rí. Bánjókòó kò ka ìlà náà, akọni kì í dúró ka èébú ọ̀tá. Ó dá ooru lẹ́bi. Ó dá iná mànàmáná lẹ́bi, ó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lẹ́bi, ó sì dá àwọn òyìnbó lẹ́bi lápapọ̀. Ó tú ẹrù, ó tún un dì. Ó dì í lórí, ó dì í nídìí. Ìlà kan náà ló ń jáde. Ó sọ fún Ìyáàfin Fásanmí pé ó kù díẹ̀. Ìyáàfin náà dá a lóhùn pé ìpàdé ààfin náà kù díẹ̀.

Nígbà tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó gba inú ọjà kọjá. Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ ń ná tiwọn. Obìnrin kan jókòó ti ata rẹ̀ tó ti ń hunjọ, kò tilẹ̀ pe ẹni tó ń kọjá mọ́. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ di ìgbálẹ̀ mú, ó ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ àwọn tó ti lọ sí Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí koríko má bàa hù níbẹ̀. Ó bi Bánjókòó bóyá ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ti gbà. Bánjókòó ní ó ti fẹ́ gbà. Ìyálọ́jà mi orí, ó ń gbálẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n fo ibí yìí, nítorí kò yẹ orin akọni, ṣùgbọ́n àyà ọkùnrin náà já. Ó rìn délé láìronú orúkọ ara rẹ̀ rárá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ọjọ́ pé, ààfin kún. Wọ́n to kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì níwájú Kábíyèsí, Òkè-Ọjà lápá ọ̀tún, Ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ti Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀: ọ̀tunla ni ọjà. Ti Onígbìndé sọ̀rọ̀: ọ̀tunla ni ọjà, Onígbìndé sì tún un kà fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ti ilé ẹ̀kọ́ fi ìlà kan dáhùn, ó dákẹ́. Ariwo kùn. Olóyè kan dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Bánjókòó bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí ooru. Ìbídùn, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, fà á láṣọ.

“Bàbá Àdùkẹ́, kí ni ó kọ síbẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ kà á.”

Ó kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ti ń kà á lọ: ẹ̀rọ ní òun kò rí fáìlì tó ń jẹ́ “ọjà”. Inú bí i, ó ṣí ẹrù rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Fáìlì náà jókòó síbẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò ó: “Ọjà”.

Nílé Ìyálọ́jà àti nílé Onígbìndé, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í bá ara wọn jà. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o pè, fáìlì á jẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Línúùsì, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan kì í jẹ́ ìpè èkejì. Ta ló sì fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ náà? Bánjókòó ni. Kò sí nǹkan tó ti ọwọ́ ọkùnrin náà jáde rí tí kò fi ńlá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ogun ṣe ń parí. Ọmọ Ọdẹ́túndé fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ká ọwọ́ agbádá, ó ta ọrùn sọ́tùn-ún, ó ta á sósì, ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè bí ẹni tó fẹ́ yọ ojú òkè, ìka tó ti la ibodè méjì kọjá, ìka tí kò mọ ọkọ́, tí kò mọ àdá, tí kò fa omi nínú kànga rí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí àrá ṣe ń sọ kalẹ̀ sórí àràbà, ó pa lẹ́tà ńlá náà rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ alààyè, ó gbin kékeré sí ipò rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ìyáàfin Fásanmí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: ọ̀tunla ni ọjà.

Ọ̀tunla. Kì í ṣe ọjọ́ tí Òkè-Ọjà ń ná, kì í ṣe ọjọ́ tí Ìsàlẹ̀ ń ná. Ìhà méjèèjì ló ṣì í kà. Bó bá jẹ́ pé ìhà kan jàre ni, ìjà ì bá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn jẹ̀bi, inú gbogbo ènìyàn dùn. Bánjókòó dìde láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ náà. Kí ó tó kúrò lórí bàbá bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin ti ń sáré lọ ránṣẹ́ sí àwọn oníṣu, àwọn ọkùnrin ti tẹ̀ lé wọn, Kábíyèsí sì ti wọlé lọ jẹun. Ìbídùn bá a ká wáyà.

Nígbà tí ọ̀tunla dé, kí oòrùn tó mú, ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti tò láti orí afárá dé ẹnu ọjà. Kò sí ibi tí ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ sí. Rédíò ń ké lórí gbogbo ìsọ̀, Onígbìndé sì ń sọ fún ayé pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ ilé iṣẹ́ òun ló tú kókó náà. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n fi ń mú ìyìn rẹ̀ lọ. Bánjókòó wọ agbádá rẹ̀ rin ọjà yí ká. Alábàárù kan ní kó yà lọ́nà fún ẹlẹ́rù. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Obìnrin náà jókòó láàárín ariwo, ojú rẹ̀ ń dán, ó ti gbàgbé ibi tó fi ìgbálẹ̀ sí.

“Ọjà ti dé,” ó wí fún un, ó sì yíjú sí oníbàárà.

Ìyẹn nìkan. Ó tó ẹlòmíràn; kò lè tó ọmọ Ọdẹ́túndé. Ó wálé, ó gun àga, ó ní kí Ìbídùn dá àyọ́ọ̀nù dúró, ó sì kọ ìkéde yìí sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbi tí ẹrù rẹ̀ wà, kí ayé gbogbo lè kà á:

“Kí Wíńdóòsì gbọ́, kí Máàkì gbọ́, kí Línúùsì ṣí etí rẹ̀ sílẹ̀. Èmi Bánjókòó Àjàdí, ọmọ Ọdẹ́túndé, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé, ẹrù kan ni mo dì, ìlú mẹ́ta ni mo bá a wọ̀, n kò sì ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rí àléébù rẹ̀, kó tún un ṣe kó tó bú mi. Ẹni tó bá sì ní òun ló ṣe é, ilẹ̀ ń gbọ́. Ẹ̀dà tuntun ti jáde lónìí, kí ọjọ́ yìí di ọjọ́ ìrántí láti ìran dé ìran. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ nìyí: lẹ́tà ńlá kan ti di kékeré.”